Wọ́n Kun Ilé-Ìwé, Wọ́n Ba Kànga Jẹ́

Ọdún mọ́kànlá ni Alágbàfọ̀ ti ń fọ aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn, wọn ò sì dá ẹrù rẹ̀ padà rí. Àfi àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Nọ́ọ̀sì àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ funfun mẹ́fà dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹ́ ọ̀kan sórí okùn, ó ní kí ó wò ó dáadáa.

"Ìyá wa, kí nìyí?"

Àbàwọ́n aláwọ̀ ìpẹtà ti gba gbogbo ara aṣọ náà.

"Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta," ni Alágbàfọ̀ wí. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

"Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè tẹ́ eléyìí fún aláìsàn."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, Alágbàfọ̀ fa omi láti inú kànga ẹ̀yìnkùlé, ó bu díẹ̀ sínú ife funfun, ó gbé e símú. Òórùn ọ̀dà ló kí i káàbọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ńlá kan wà lẹ́yìn àdúgbò wọn. Ògiri rẹ̀ ga fíofío, gọ́tà rẹ̀ sì gba ẹ̀yìn ilé mẹ́rìnlá kọjá. Ibẹ̀ ni ọkọ Alágbàfọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọlọ́dà.

Kò tíì gbé ife náà sílẹ̀ tí ó fi gbọ́ igbe àbúrò rẹ̀, Aránṣọ, tó ń gbé ilé kejì. Ó gbé ọmọ rẹ̀ oṣù mẹ́rin dání, ó ń sáré bọ̀. Ọrùn ọmọ náà, abẹ́ apá rẹ̀, itan rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti pọ́n, awọ sì ti ń bó níbòmíì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo ọmọ mi o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ tán ni. Mo ti pààrọ̀ ọṣẹ lẹ́ẹ̀mejì!"

"Omi wo lo fi wẹ̀ ẹ́?"

"Omi kànga ni. Mo tiẹ̀ sè é kí n tó lò ó."

Alágbàfọ̀ wo ọmọ, ó wo ife. Ó na ife náà sí àbúrò rẹ̀ kó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fún wọn ní ìpara, ó sì ránṣẹ́ sí Wolé-wolé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ bàtà òjò kiri nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti dé. Ó yọjú sínú kànga, ó tọ gọ́tà lọ títí tó fi kan páìpù tó yọ jáde lára ògiri ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó wò ó. Nígbà tó máa padà dé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ta ló sọ fún yín pé sísè lè mú èyí kúrò?" ló bi Aránṣọ. "Omi sísè ń pa kòkòrò àrùn. Kò lè lé oró ọ̀dà jáde. Oró gbígbóná lẹ óò kàn máa lò."

"Kí la ó wá ṣe báyìí?" ni Alágbàfọ̀ bèèrè.

"Lónìí, ẹ dé kànga yẹn. Ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fi wẹ ọmọ. Ẹ máa pọn omi nílé ìwòsàn ná, mo ti bá wọn sọ ọ́. Èmi máa bu omi yìí àti ti àwọn kànga yòókù lẹ́bàá gọ́tà sínú ìgò mímọ́, ẹni méjì nínú yín máa jẹ́rìí sí i, màá kọ ọjọ́ àti aago sí i lára, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ omi wò. Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé á para pọ̀ kọ lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó àyíká. Kí ó má jẹ́ ẹnì kan ló máa kọ ọ́. Ẹnì kan rọrùn láti fà lọ sí kọ̀rọ̀."

Aránṣọ ń fọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ọ̀dà yìí ṣoore fún wa o. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣí ilé-ìwé tí wọ́n kùn. Wọ́n á fún àwọn ọmọ ní báàgì. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n tiẹ̀ ní kó bá àwọn obìnrin dúpẹ́."

"Oore kẹ̀?" Wolé-wolé fẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ẹni tó dáná sun ilé rẹ, tó wá ra fìlà fún ọ, ṣé oore ló ṣe? Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣòwò láàárín èèyàn, ojúṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kó má ṣe wọ́n níbi. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn, òfin ni! Omi ìdọ̀tí wọn gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ kọjá kó tó bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n bá ṣe ìyẹn tán la máa tó sọ̀rọ̀ báàgì."

Nígbà tí Ọlọ́dà ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, aṣọ ilé ìwòsàn ló bá lórí àga rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, "ẹ" ni ìyàwó rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, "o" ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀?"

Ọlọ́dà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́jọ. Wọn ò tún un ṣe. Bí a bá fọ àgbá ọ̀dà tán, wọ́n á ní ká ṣí páìpù sí gọ́tà. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọ́ síta, kó máa wá iṣẹ́ mìíì."

Ìgbà yẹn ló wá yé Alágbàfọ̀ ìdí tí ọkọ rẹ̀ fi ń gbé omi inú ìgò bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí á ní kí àwọn ọmọ òun má mu omi míì.

"O gbé omi fún ọmọ tìrẹ," ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ikú. "O wá ń wo àbúrò mi tó ń fa omi kànga wẹ ọmọ rẹ̀. Ò ń kí i pé ó kú iṣẹ́!"

"Iṣẹ́ mi ni mo rò. Ohun tí ẹ máa jẹ ni mo rò."

"Ọmọ yẹn ńkọ́? Ta ló rò tiẹ̀?"

Ọlọ́dà so okùn bàtà rẹ̀ padà, ó jáde síta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n to àga sí ọgbà ilé-ìwé, wọ́n sì pín báàgì fún àwọn ọmọ. Ògiri ń dán yanran, ayàwòrán ń sáré sókè sódò, Máníjà ilé-iṣẹ́ ọ̀dà sì jókòó níwájú nínú aṣọ funfun tí kò ní àbàwọ́n kankan. Ọlọ́dà àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù dúró lẹ́yìn nínú aṣọ iṣẹ́ wọn.

"Ẹbí wa lẹ jẹ́," ni Máníjà sọ. "Ohun tó bá dun yín, ó dun àwa náà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe Alágbàfọ̀. Wọ́n ti bá a tẹ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sórí ìwé. Ó gba máìkì, ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sápò.

"Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi kọ ohun tí mo máa sọ. Ìbéèrè kan ni mo ní. Máníjà, bí ẹ bá fọ àgbá ọ̀dà yín tán, ibo lomi rẹ̀ ń gbà?"

Máníjà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn, ó le díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ayọ̀ lónìí."

"Kò le rárá. Omi ń ṣàn ni. Ibo ló ń ṣàn lọ?"

Aránṣọ dìde láàárín èrò, ó ṣí aṣọ lára ọmọ rẹ̀, ó gbé e sókè.

"Ẹ gba máìkì lọ́wọ́ obìnrin yìí!" Máníjà ti dìde. Ọlọ́dẹ méjì ti gbẹ́sẹ̀ kan síwájú kí ohùn kan tó jáde láti ẹ̀yìn.

"Inú gọ́tà ló ń lọ."

Ọlọ́dà ni. Ó ń rìn bọ̀ láàárín àga. Òógùn bò ó.

"Oṣù mẹ́jọ rèé. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́, Máníjà mọ̀. Èmi ni mo ń ṣí páìpù náà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń ṣí i."

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin ń gba báàgì lọ́rùn ọmọ wọn, wọ́n ń kó o jọ síwájú Máníjà. Ọkùnrin kan ti gbé àga sókè láti fi fọ́ gíláàsì mọ́tò Máníjà, Wolé-wolé sì fò mọ́ apá rẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀! Bí ẹ bá fọ́ ohunkóhun lónìí, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè ní ọ̀daràn, páìpù á sì máa ṣàn lọ. Inú ń bí yín, ó ń bí èmi náà. Ẹ gbé ìbínú yẹn wá síbí, ẹ wá fọwọ́ sí lẹ́tà!"

Orí tábìlì àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọlọ́dà ló fọwọ́ sí i gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé e níṣẹ́ pẹ̀lú ìwé onílà méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àbájáde àyẹ̀wò omi dé. Òjé àti oró mìíì ló kún inú kànga mẹ́sàn-án. Àwọn aláṣẹ àyíká di páìpù náà pa, wọ́n ti ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà pa, wọ́n sì pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ náà máa fi ọkọ̀ gbé omi mímọ́ wá lójoojúmọ́, kó sì gba ìtọ́jú ọmọ náà sọ́rùn títí ara rẹ̀ á fi yá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tún ẹ̀rọ ṣe. Àtúnṣe ọ̀hún ò sì gbà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré! Bí Alágbàfọ̀ bá rántí ìyẹn, inú á tún bí i bíi tàná.

Ẹjọ́ tí Ọlọ́dà pe ilé-iṣẹ́ náà lórí bí wọ́n ṣe lé e ṣì wà ní kóòtù, agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ló ń bá a rò ó. Wọ́n bi í bóyá ó kábàámọ̀ pé òun sọ̀rọ̀.

"Pé mo sọ̀rọ̀ kò dùn mí," ló wí. "Oṣù mẹ́jọ tí mo fi dákẹ́ ló ń dùn mí."

Ẹ̀yin ará, bí àwọ̀ omi yín tàbí òórùn rẹ̀ bá yí padà, ẹ jáwọ́ nínú lílò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má rò pé sísè á tún un ṣe. Ẹ pe wolé-wolé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀, ẹ para pọ̀ kọ̀wé, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí padà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà, ẹ tètè sọ ọ́ fún àwọn aláṣẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ yín pamọ́. Bí wọ́n bá sì gbé ẹ̀bùn wá fún yín, ẹ lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, a ò ní kí ẹ má jèrè. Kí ẹ tó gbé ẹ̀bùn wọ àdúgbò wa, ẹ kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí yín kúrò níbẹ̀.