Èló ni Ìmọ́lẹ̀ Kérésì Erinje?

"Èló lẹ máa gbà?"

Ọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí wọ ṣòkòtò kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń bá àwọn ará Erinje gbálẹ̀ bó ṣe ń rìn. Vincent lorúkọ rẹ̀. Èkó ló ti wá, ó sì gbé kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya sinimá kọ́ èjìká. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni Jẹ́jẹ́lọlá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó wà lórí àkàbà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, tó ń so ìkarahun ìgbín mọ́ ọparun. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Dìsẹ́ḿbà ni, lọ́dún 1971.

Jẹ́jẹ́lọlá ò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ta ló ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wo iná?

Ṣùgbọ́n iná yìí kì í ṣe iná lásán. Lọ́dọọdún, wọ́n á fi ọparun kan ilé kan tó ṣóńṣó lórí, tó ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, wọ́n á sì so ìkarahun ìgbín mẹ́rìnlélọ́gọ́ta mọ́ ọn lára, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé òróró tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú Kérésì, ẹnì kan láti ilé kọ̀ọ̀kan á jáde, á tan ti ilé rẹ̀, á sì pe orúkọ ẹnì kan nínú wọn tí kò sí nílé: ẹni tó kú, tàbí ẹni tó wà lájò. Wọ́n ní kí Olúwa lè rántí ẹni náà níbikíbi tó bá wà ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá tàn tán, tí àwọ̀ ìkarahun náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú láti òkè dé ilẹ̀, àwọn tó máa ń fọ́nnu jù nínú ìlú gan-an á dákẹ́. Ẹ̀rù ayọ̀ á ba ènìyàn.

Lucas, bàbá Jẹ́jẹ́lọlá, ló máa ń kan ilé iná náà. Akọpẹ ni. Ṣùgbọ́n igbà já mọ́ ọn lórí ọ̀pẹ lóṣù Ọ̀wàrà, ó fẹsẹ̀ ṣẹ́, ìyá Jẹ́jẹ́lọlá sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nílé oníṣègùn egungun kan ní Akotogbo. Ọmọ náà ló wá dá gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún ṣe lọ́dún yìí, ọparun ti gé e lọ́wọ́ níbi mẹ́ta.

"Kérésì ti dé tán," Vincent ń ṣàlàyé. "Mo fẹ́ kí sinimá náà dé Èkó kí wọ́n lè fi hàn nínú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Kérésì gan-an. Mi ò lè dúró di ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ìrọ̀lẹ́ òní ni kí ẹ bá mi tan án, kí ojú ọ̀run tó ṣú, torí kámẹ́rà mi kì í ríran nínú òkùnkùn."

"Sà, a kì í tan án ṣáájú ọjọ́ rẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní èló lẹ máa gbà."

Dora, ọ̀rẹ́ Jẹ́jẹ́lọlá, tó di àkàbà mú nísàlẹ̀, fa ẹsẹ̀ rẹ̀. "Sọ̀ kalẹ̀ wá!" Nígbà tí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbá a lápá. "Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé o ti gbàgbé lísìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ ni?"

Jẹ́jẹ́lọlá ò gbàgbé. Ó ti yege ìdánwò láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, oṣù Jánúárì ni wọ́n máa wọlé. Àpótí páànù, mátírẹ́ẹ̀sì, bàtà funfun, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú lísìtì náà, kò sì sí ìkankan nílé. Akọpẹ tí kò lè gun ọ̀pẹ, kí ló fẹ́ fi rà á?

"Ìwọ lo kàn án," ni Dora wí. "Ọwọ́ ta ni ọparun gé? Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere o. Ní kó san pọ́n-ùn márùn-ún!"

Jẹ́jẹ́lọlá wo ilé iná náà. Lóòótọ́, òun lòun kàn án. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ ọn nínú nìyẹn, ó sì yíjú sí àlejò.

"Pọ́n-ùn márùn-ún, sà."

Ó rò pé ọkùnrin náà á bínú ni. Àṣé bí ìgbà tí ènìyàn ra epo pupa ni fún ará Èkó. Ó ka owó náà lé e lọ́wọ́, ó tún rẹ́rìn-ín.

Àwọn ìgò òróró wà ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́lọlá. Ìgò ńláńlá pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kéré, ìgò oògùn ikọ́ tí wọ́n fi àdín kún. Bó ṣe dà á sínú ìkarahun, gbogbo rẹ̀ wọlé, kò ṣẹ́ kù sínú ìgò. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń kánjú.

Òun àti Dora ló tan gbogbo rẹ̀. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ì bá la ẹnu sílẹ̀! Iná mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ń mì lẹ́lẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́, Vincent alára sì ń pariwo "Yéè! Yéè!" bí ọmọdé. Ara Jẹ́jẹ́lọlá bù máṣọ. Ó ń wò ó títí, kò rántí pé ó yẹ kí òun pa á.

Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, ó jọ wọ́n lójú. Àwọn kan tilẹ̀ ń ṣírò ọjọ́ lórí ìka, wọ́n rò pé Kérésì ti dé bá wọn lóko. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànmú sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló tan ti ilé mi?" ló béèrè.

Vincent ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀. Jẹ́jẹ́lọlá di owó inú àpò rẹ̀ mú, ó sì gun àkàbà lọ pa àwọn iná náà.

Àwọn ilé yòókù bínú, ṣùgbọ́n òróró ṣẹ́ kù sínú ìgò wọn. Ilé kan ṣoṣo ni tiẹ̀ tán pátápátá, ilé Aníwúrà, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ambrose. Opó ni, kò ní ọ̀pẹ kankan. Ekùrọ́ tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko ẹlòmíì ló ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọdún dé ọdún, òun ló ń pa, tó ń dín, títí ìgò oògùn ikọ́ á fi kún. Ambrose, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sójú ogun. Ogun parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé, kò dé. Wọn ò rí òkú rẹ̀, wọn ò sì gbúròó rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́lọlá kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà.

"Ẹ dákun, mà. Èmi ni mo tan iná yín. Òróró yín ti tán."

"Mo ti gbọ́." Ìyá náà ò gbé ohùn sókè. "Ọma mi, nígbà tí o tan án, ṣé o pe orúkọ rẹ̀?"

Jẹ́jẹ́lọlá tẹrí ba.

"O ò pè é."

"Mi ò pè é, mà." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ìgbà yẹn ló tó mọ ohun tó tà. Kì í ṣe ọparun. Ó ti ta ibi tí ìyá kan ti ń pe ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

"Mo máa ra òróró míì, mà. Mo lówó lọ́wọ́."

"Òróró tí a rà kì í wọ inú ìkarahun yẹn. Ìwọ náà mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣà á nígbà náà."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Jẹ́jẹ́lọlá fi ṣa ekùrọ́ lójú ọ̀nà oko gbogbo, tó ń fi òkúta pa á lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ambrose, tí àtàǹpàkò rẹ̀ wú. Ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín in, ó sè é. Gbogbo rẹ̀ kò ju síbí mẹ́rin lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, ìjọ pé. Ta ni wọ́n tún rí? Vincent ni. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sí Okitipupa, sinimá náà kò dé Èkó mọ́. Ó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, ó fẹ́ ya àwọn ènìyàn gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Jẹ́jẹ́lọlá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó na pọ́n-ùn márùn-ún sí i.

"Ẹ gbà á, sà. Ohun tí mo tà fún yín, kì í ṣe tèmi."

"Ta wá ni mo máa sanwó fún?" Ọkùnrin náà yíjú sí ìjọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, èló ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Ambrose ló dìde.

"Ìkarahun kan. Kí o tan án. Kí o sì pe orúkọ kan. Ohun tí gbogbo wa ń san nìyẹn."

"Mi ò ní òróró, mà."

"Wá mú nínú tèmi."

Síbí mẹ́rin péré, ó fẹ́ bù nínú rẹ̀ fún àlejò! Jẹ́jẹ́lọlá so ìkarahun tuntun kan mọ́ ọparun. Vincent gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ lórí yanrìn. Ó tan iná.

"Benedict," ló wí. "Àbúrò mi. Ojú ogun lòun náà lọ."

Ìyá Ambrose di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì tan tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ambrose," ló pè, ó pè é sókè bí ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun. Lẹ́yìn náà ni ilé kan dìde tẹ̀ lé ilé kan, orúkọ ń gòkè pẹ̀lú iná, títí gbogbo ọparun fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Jẹ́jẹ́lọlá ti rí ìmọ́lẹ̀ yìí láti kékeré. Kò rí i rí bó ṣe rí i lọ́jọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ náà bò ó mọ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tí Vincent máa rántí kámẹ́rà, ilẹ̀ ti ṣú. Kò lè ya nǹkan kan. Ó jókòó ti Ìyá Ambrose.

Jẹ́jẹ́lọlá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lóṣù Jánúárì. Apẹ̀rẹ̀ ló kó ẹrù sí, orí ẹní ló sùn ní sáà àkọ́kọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ṣẹ̀sín dáadáa. Ó dùn ún, mi ò níí purọ́. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ohun tí wọn ò lè kọ́ ọ ní kíláàsì, òun náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú lọ: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lè wà lára nǹkan, kí nǹkan náà má sì jẹ́ tìrẹ nìkan. Kí o tó sọ iye tó jẹ́, wádìí àwọn tó ni ín, kí o sì gbọ́ ohun tí àwọn san.