Àáró Ìdí-Òkúta

Igi kì í tò. Ẹni tó bá ti wọ igbó rí mọ̀ pé ibi tó bá wu igi ni igi í hù sí: òmíràn á fẹ̀yìn ti àpáta, òmíràn á gun èkejì rẹ̀ lórí bí ọmọ tí kò gbẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn igi tó wà níwájú Ìgè lọ́sàn-án ọjọ́ náà tò. Wọ́n tò láti ẹsẹ̀ òkè títí dé bèbè àpáta tí odò Mónò ń gbá lábẹ́, ìlà lẹ́yìn ìlà, bí ọmọ iléèwé tó dúró de àsíá.

Mùsíọ̀ Gérard, òyìnbó tó ti ilẹ̀ Faransé wá wo bí igbó ṣe ń padà sórí ilẹ̀ tí ènìyàn ti fi sílẹ̀, na okùn ìwọ̀n láti ìdí igi kan sí ìdí èkejì. Ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ó tún na án sí ìdí ẹ̀kẹta, ó tún kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó sì tún wo ìwé náà.

"Ìgè," ó ní, "ta ló gbin igbó yìí?"

"Ọlọ́run ni, Mùsíọ̀."

"Ọlọ́run ní okùn ìwọ̀n?"

Antoine bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kékeré ni Antoine ní ọ́fíìsì kan ní Lomé, wọ́n ní kó bá òyìnbó rìn, ikùn rẹ̀ ló sì máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé ibikíbi. "Bóyá ṣọ́jà ni wọ́n kí wọ́n tó di igi," ó ní. Ó sọ ọ́ tán, ó bojú wẹ̀yìn, nítorí ọdún 1985 ni, a kì í sì í fi ṣọ́jà ṣàwàdà láì bojú wẹ̀yìn.

Ẹnì kẹrin wọn kò rẹ́rìn-ín. Julienne lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin Ifẹ̀ ti ìhà ibẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ewéko ní iléèwé kan ní Atakpamé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò ní ìdí igi kan. Nígbà tó dìde, erùpẹ̀ dúdú kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Erùpẹ̀ náà tutù, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ́ yí.

"Ẹ̀gbọ́n Ìgè," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ní èdè ilé, kí òyìnbó má baà gbọ́, "orí ebè ni gbogbo wọn wà."

Ìgè mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ náà. Ìwọ̀n ebè iṣu kan sí èkejì kò sí nínú ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ó wà lẹ́sẹ̀ gbogbo ọmọ àgbẹ̀.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti kó àwọn ará Ìdí-Òkúta kúrò létí odò, kí igbó lè padà síbẹ̀, kí ẹranko lè rí ibi mu omi ní àlàáfíà. Ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀ ni Ìgè ti fi ń mú àlejò rìn létí odò, kò sì mú ẹnikẹ́ni kọjá ibi òkúta funfun tó wà ní ààlà oko àtijọ́ rí. Á sọ fún wọn pé erinmi wà níwájú, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé inú rẹ̀ kò dùn. Kò sí erinmi kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọ̀gá rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ pé bí òyìnbó kò bá dé oko àtijọ́ fúnra rẹ̀, kí Ìgè lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ìgè, ẹni àádọ́ta ọdún, tó ní ìyàwó méjì nílé, rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ó ní kí òyìnbó gbé bàtà rẹ̀ wọ̀.

Kì í ṣe erinmi ló ń bà á lẹ́rù. Àáró ni.

Àáró kì í ṣe ẹ̀bùn. Mo bá ọ kọ ebè lónìí, o bá mi kọ lọ́la. Ẹni tó bá jẹ iṣu àáró, iṣẹ́ ti di dandan fún un. Bí ara rẹ kò bá yá, o lè rán ọmọ rẹ tàbí àlejò rẹ wá dípò rẹ, bí ó bá ṣáà ti jẹ nínú oúnjẹ olóko. Àìsàn kì í pa àáró. Òjò kì í pa á.

Nígbà náà lọ́hùn-ún, Ìgè nìkan ló mọ ìwé Faransé kà ní Ìdí-Òkúta. Nígbà tí ìwé dé pé àwọn aláṣẹ ń bọ̀ wá kó wọn, pé iye ebè tí wọ́n bá bá lóko kálukú ni wọn yóò fi wọn ilẹ̀ tuntun fún un ní ìhà Glei, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi há àárín koríko òrùlé. Ó wá lọ bá àwọn ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n jọ ń ṣe àáró. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí tòun ṣíwájú. Wọ́n gbà. Wọ́n kọ ebè fún un láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yìn tó ń dun ọkùnrin, ìyàwó kejì ló fà á.

Ọjọ́ kejì ni ti Ògúnsanwó, ọ̀kan nínú wọn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí àwọn awọnlẹ̀ fi dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ebè.

Ìgè gba ilẹ̀ tó fẹ̀ bí pápá. Èyí tí àwọn márùn-ún yòókù gbà, ewúrẹ́ kan lè jẹ koríko rẹ̀ tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, gbogbo wọn ti kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ògúnsanwó ló kọ́kọ́ lọ, Bàbárímisá ló kẹ́yìn. Ìgè lọ síbi ìsìnkú wọn ní ẹyọ ẹyọ. Ó sunkún dáadáa.

"Ẹ jẹ́ ká padà," Ìgè ní báyìí. "Ẹ ti rí i. Igbó ti padà."

"Mi ò tíì rí bèbè," Gérard ní, ó sì ń lọ.

Ilẹ̀ náà kò fẹ́ wọn. Wèrèpè já lé wọn lọ́rùn láti orí igi tí wèrèpè kì í gùn. Ẹ̀gún fa aṣọ Ìgè ya lápá ọ̀tún, nígbà tó sì yí apá òsì sí i, ó fà á ya lápá òsì. Ìjàlọ la ọ̀nà kọjá, wọ́n pín sí méjì níwájú Julienne kí ó lè kọjá, wọ́n sì padé níwájú Ìgè. Ẹyẹ kan ṣoṣo kò ké. Bẹ́ẹ̀ igbó ẹyẹ ni wọ́n pè é nínú ìwé.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọkọ́.

Gbì. Gbì. Gbì. Ọkọ́ márùn-ún ni, wọ́n ń ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí apá rẹ̀ ti mọ́ra fún ọdún pípẹ́.

"O ò sọ fún wa pé ènìyàn wà níbí," Antoine ní.

"Kò sí ènìyàn."

"Ta ló wá ń roko? Erinmi rẹ?"

Ọmọ Ifẹ̀ tí ó bá gbẹ́kọ̀ọ́ kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i. Ìgè na ọwọ́ láti bo Julienne lẹ́nu, ọwọ́ náà kò yá tó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" Julienne ké.

Ọkọ́ dákẹ́. Odò pàápàá dà bí ẹni pé ó fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn kan dáhùn láàárín igi, ohùn àgbà tí atẹ́gùn ń gba àlàfo eyín iwájú rẹ̀ jáde.

"Òo. Ìgè, o pẹ́."

Ohùn Ògúnsanwó ni.

"Ta nìyẹn?" Gérard béèrè.

"Àwọn òṣìṣẹ́ ni," Ìgè ní. Irọ́ kọ́ ló pa.

Wọ́n já sí gbangba lórí bèbè àpáta. Igi kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti ro ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́, kò sì sí ebè kan lórí rẹ̀. Ọkọ́ kan dúró sí àárín rẹ̀, lẹ́bàá igbá tí wọ́n fi ewé kókò bò. Antoine ṣí ewé náà. Iṣu sísè ni, epo pupa sì wà lórí rẹ̀. Ó ń rú èéfín. Kò sí ẹnìkan nítòsí.

Antoine kò tíì fẹnu kan nǹkan láti ìlú Agbonou tí wọ́n ti gbéra láàárọ̀. Ó wo iṣu, ó wo Ìgè.

Ìgè pẹ̀lú wo Antoine. Ó wo ìbú èjìká rẹ̀. Ó ronú nípa ohun tí àáró gbà láàyè, pé àlejò lè rọ́pò ẹni, bí ó bá ṣáà ti jẹ.

"Ẹ jẹun, ọ̀gá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Tiyín ni. Mo ní kí wọ́n sè é dè yín."

"Ìwọ lo mọ ènìyàn í tọ́jú," Antoine ní. Ó bu ẹyọ kan, ó gbé e dé ẹnu.

Julienne gbá a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣu náà balẹ̀, erùpẹ̀ sì gbé e mì bí ìgbà tí ènìyàn gbé òkèlè mì. Gbogbo wọn rí i. Okùn ìwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Gérard.

"Madamu!" Antoine ní, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Kí nìyẹn?"

"Iṣu àáró ni. Ẹni bá jẹ ẹ́ kò lọ mọ́ títí iṣẹ́ fi tán." Ó kọjú sí Ìgè. "Àáró ta ni, ẹ̀gbọ́n?"

Ohùn mìíràn ló fèsì, ó súnmọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí Antoine fi fò sẹ́yìn.

"Àpọ̀kẹ́."

Julienne gan bí igi. Orúkọ yẹn kò sí ní iléèwé, kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìgè wo ojú ọmọbìnrin náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó sì rí àgbọ̀n Bàbárímisá.

"Bàbá mi," Julienne ní, kò gbé ohùn sókè. "Gbèsè kí ni ẹ̀gbọ́n jẹ yín?"

"Iṣẹ́ òòjọ́ kan. Ọkùnrin márùn-ún ni wá, ó jẹ kálukú wa ní ọjọ́ kan. Òun ló ka ìwé awọnlẹ̀, tó fi í pamọ́ sínú òrùlé. Mú àwọn àlejò lọ, ọmọ mi. Ẹni tí à ń retí ti dé."

Julienne yíjú sí Ìgè. Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

"Ìwọ lo ka ìwé náà?"

"Àpọ̀kẹ́, ọmọ dáadáa, mo bẹ̀ ọ́. Mo sunkún níbi ìsìnkú bàbá rẹ."

"Mo rí ọ. Ìwọ lo ń sọ pé ẹran kò tó."

Ó mú okùn ìwọ̀n nílẹ̀, ó ká a, ó fi lé òyìnbó lọ́wọ́. "Mùsíọ̀, odò ń kún. Ẹ jẹ́ ká lọ." Èdè Faransé ló fi pa irọ́ náà, ó sì pa á dáadáa. Gérard wo odò tó wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó wo ibi tí iṣu wọlẹ̀ sí, kò béèrè ìbéèrè kankan. Antoine ti ń fẹ̀yìn rìn lọ kí wọ́n tó pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣíwájú ikùn rẹ̀.

Ìgè sáré tẹ̀lé wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọlu ebè kan níbi tí ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀. Ó gùn ún kọjá, ó bá òmíràn. Ó ń rí aṣọ Julienne láàárín igi, ó ń sáré lọ sápá ibẹ̀, ebè lẹ́yìn ebè. Nígbà tó gun èyí tó kẹ́yìn, tó sọ̀kalẹ̀, orí bèbè ló tún bọ́ sí, ọkọ́ wà níwájú rẹ̀, igbá iṣu wà lẹ́bàá rẹ̀.

"Jẹun," Ògúnsanwó ní. "A kì í fi ebi ṣiṣẹ́ lóko wa."

Ó jẹun. Iṣu náà dùn, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Ó mú ọkọ́. Ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ń gbóná, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sílẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ebè kan. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ewé ìrókò méjì ti yọ lórí rẹ̀. Ó kọ èkejì. Ó gbọ́ ìró mọ́tò òyìnbó lójú ọ̀nà tó lọ sí Glei, ó gbọ́ tí Antoine pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ tí obìnrin kan ní kó dákẹ́. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ọkọ́ tirẹ̀.

Kò burú, ó ń sọ nínú ara rẹ̀. Òòjọ́ márùn-ún ni. Ọkùnrin ni mí. Màá san án, màá lọ sílé, màá parọ́ tó dára fún àwọn ìyàwó mi. Àyà rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ó kọ ebè títí igba fi kọjá, títí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ èékánná rẹ̀, títí kò fi mọ iye mọ́.

"Ògúnsanwó," ó ní, ó ń mí gúlegúle. "Tìrẹ kò tíì tán?"

"Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó tán," ohùn náà dáhùn, pẹ̀lú sùúrù.

Ìgè nù òógùn ojú rẹ̀, ó gbójú sókè wo oòrùn. Àtàrí gan-an ló wà, ibi tó wà nígbà tó kọ ebè àkọ́kọ́, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ ibòji, ó gbọ́ tí àwọn ọkùnrin márùn-ún ń jókòó, tí ọ̀kan ń bu omi fún èkejì, láì kánjú rárá.