Ọtí Tí Opanyin Mu Kò Wọ Oko

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ní Abenkrom, abúlé wa. Gbogbo wa wà nílé. Eno Nyarkoa, opó tó múlé tì wá, ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgégi láti oko kòkó rẹ̀. Ó dìde tòun ti àpótí ìjókòó lọ́wọ́, a sì tẹ̀lé e.

Igi kòkó mẹ́ta ti wà nílẹ̀ tèsotèso. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná kan ń gbẹ́ ihò òpó. Wọ́n mọ̀ pé olóko kankan kò ní sí lóko lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀dájú!

“Ta ló ní kí ẹ wọ oko mi?”

Ọ̀gá wọn, Lartey, rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. A ti gbé ọtí fún olórí ẹbí. Ó gbà á, ó mu ún.”

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gba ọtí lọ́wọ́ ẹni ti gbà sí ohun tí onítọ̀hún wá tọrọ nìyẹn. Gbogbo wa yíjú sí Opanyin Boaten, àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí ọkọ Eno, tó bá wa débẹ̀.

“Ìyàwó wa, ṣebí iná ni wọ́n ń gbé bọ̀?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé yín! Ojú yín ni ọkọ mi ṣe fún mi ní oko yìí. Mo gbé ọtí ọpẹ́ wá, ẹ bá wa mu níbẹ̀. Èwo ni ti ẹbí níbẹ̀ mọ́?”

Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ létí ihò, ó jókòó. “Ẹni tó bá fẹ́ ri òpó mọ́lẹ̀ níbí, kó ri èmi náà mọ́ ọn.”

Lartey fa ìwé kan yọ. “Ó dáa, ẹ kàn tẹ̀ka síbí, pé a ti kí yín.”

Díẹ̀ ló kù kí Eno, tí kò mọ̀wé kà, tẹ̀ ẹ́. Adwoa Tiwaa, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, já ìwé náà gbà, ó kà á sókè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Eno yọ̀ǹda òpó mẹ́fà, kò sì ní béèrè ohunkóhun láéláé.

“Ṣé ìkíni rèé, ọ̀gá? Ìwé tí ẹ fi sọ fún olóko kí ẹ tó dé dà?”

“Ó wà ní ọ́fíìsì.”

“Ẹ lọ bá a níbẹ̀. Ọtí tí ẹ gbé wá, ikùn Opanyin ló wọ̀, kò wọ oko.”

A bú sẹ́rìn-ín. Opanyin ò lè wojú ẹnì kankan.

Tiwaa ní kí a má fọwọ́ kan wáyà wọn, kí a má sì bá wọn jà. Ó ya fọ́tò ihò àti igi tó ṣubú, ó kọ nọ́ńbà mọ́tò wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó bá Eno kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà àti sí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Opanyin fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ó tó oṣù kan kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n gbé òpó wọn lọ sẹ́bàá títì, wọ́n sì san owó gbà-máà-bínú lórí igi mẹ́ta náà. Lọ́jọ́ tí Lartey wá dí ihò rẹ̀, ẹnu ààlà ló dúró sí, tó ń ké “Àgò o!” Eno gbọ́. Ó jẹ́ kó ké e títí kó tó dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ará, bí iléeṣẹ́ iná, omi tàbí fóònù bá wọ ilẹ̀ yín láìgbàṣẹ, ẹnu ni kí ẹ fi dá wọn dúró, ẹ má fa àdá yọ. Ẹ béèrè ìwé, ẹ ya fọ́tò, ẹ tètè kọ lẹ́tà. Ẹ má tẹ̀ka sí ohun tí ẹni tí ẹ fọkàn tán kò kà fún yín. A fẹ́ iná, ta ni kò fẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ire bọ̀, ẹ ní kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.