Pápá Ẹ̀yìn Afárá

Ọjọ́ tí onífọ́tò wá gba iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni òun àti obìnrin oníférémù kọ́kọ́ ríra. Ọkùnrin náà wo fọ́tò tí obìnrin náà ti kàn sí férémù tán, ó mi orí.

"Màmá, ẹ ti dorí odò mi kodò."

"Ta ni màmá yín? Ojú ọ̀run lókè, ojú ọ̀run nínú omi. Ibo ni kí n ti mọ orí yàtọ̀ sí ìdí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, àǹtí."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. "Kí ló dé tí kò séèyàn nínú gbogbo fọ́tò yín? Ilẹ̀, omi, koríko."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. "Wọ́n wà níbẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni wọ́n pa wọ́n sí."

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti pààyàn nígbà ogun ló ń yà, lẹ́yìn tí koríko bá ti bò ó. Á wá ẹni tó yè kàn, á béèrè orúkọ àwọn òkú, á sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Oníférémù nìkan ló ń rí i kó tó fi pákó bò ó.

Kí ọdún tó yí po, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ìyá obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹni tó ń fi ikú ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri? Ogun ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé kí n tún fọwọ́ ara mi gbé ikú wọlé?"

"Màmá, ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná."

"Ẹnu ẹ̀ ò lè jí ọmọ mi."

Ìyá nìkan ló kù fún un láyé. Ó lọ bá ọkùnrin náà.

"Àyànfẹ́ mi, mi ò lè fo ìyá mi dá."

"Mo gbọ́. Àwọn fọ́tò tó kù ńkọ́?"

"Màá parí wọn."

Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti pápá kan lẹ́yìn afárá. Ó yí i padà. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ìkejì ni Ẹsẹ̀-ò-gbélé.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìnagijẹ tí ìyá máa ń fi ké pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Látìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè é nínú ilé. Onífọ́tò ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀.

Ó gbé fọ́tò náà lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

"Pè é wá."

Onífọ́tò dé, ó kí i. Ìyá ò ní kó jókòó.

"Ta ló sọ orúkọ yìí fún ọ?"

"Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó yè, mà. Ó ní orúkọ yẹn nìkan lòun mọ̀."

"Ṣé ọmọ mi nìkan ló wà nígbà tó ń kú lọ?"

"Rárá, mà. Ọ̀rẹ́ náà di ọwọ́ ẹ̀ mú títí ó fi tutù."

Ọdún mọ́kànlá nìyá ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ó nu ojú rẹ̀. Ó wo ògiri yàrá, ó nawọ́ sí òdìkejì ibùsùn.

"Ọkọ ọmọ mi," ó ní, "bá mi gbé e kọ́ síbẹ̀. Ibi tí màá ti máa rí i bí mo bá jí."