Ọ̀fìnkìn Ọjọ́ Nikola Mímọ́

Neda fi aṣọ ìnura dí ẹnu kí ikọ́ má baà jáde. Ó ti pẹ́ ní ilé ìwẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ lásán kí àwọn ará ilé lè rò pé ó ń wẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ń ta á bí ẹni gbé ata mì. Ó la ẹnu wò nínú dígí. Inú rẹ̀ pọ́n kankan.

Ó kúkú mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ní ilé wọn, ẹni tí ọ̀fìnkìn bá mú kì í sun ibẹ̀. Yóò di aṣọ rẹ̀, yóò kọjá sọ́dọ̀ Àǹtí Slavka ní òdìkejì títì, ó di ìgbà tí imú rẹ̀ bá gbẹ kó tó padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni ọ̀fìnkìn rí mú un? Ọjọ́ Nikola Mímọ́, ẹni mímọ́ tó ni ilé wọn, ọjọ́ tí wọn kì í pe àlejò, tí àlejò sì ń wọlé láti àárọ̀ di alẹ́. Lọ́dún yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí Neda gbé àwo àlìkámà sísè, tí àlejò kọ̀ọ̀kan ń kọ́kọ́ tọ́ wò, pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ijó rẹ̀ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, Vukota sì wà lára wọn. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún wo ni yóò fi Vukota sílẹ̀ lọ máa mu tíì lọ́dọ̀ Àǹtí Slavka?

"Neda! Ṣé o ti sùn sínú omi ni?" Radojka ìyá rẹ̀ ló ń pè é láti ilé ìdáná.

"Mò ń bọ̀, Màmá!"

Olùkọ́ dùùrù ni Radojka kí àìsàn tí wọ́n ń pè ní skleroza tó wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara rẹ̀ ló yíjú padà, tí wọ́n ń jẹ ohun tó bo iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ń mú wọn sinmi, ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá sùn, olè á wọlé. Kò sí ọ̀fìnkìn tó gba Pirot, ìlú wọn, kọjá tí kì í yà kí Radojka. Bí ọ̀fìnkìn bá lọ, àkóràn inú ìtọ̀ á dé. Èyí tó dé nígbà ìkórè èso àjàrà dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró pátápátá, àìpẹ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá méjì sórí ọ̀kan. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ orin ti sọ ọ́ láìfi bò pé tí kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún tuntun, wọn yóò fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Bí Radojka bá ti jókòó báyìí, ìka rẹ̀ kì í sinmi, yóò máa lu dùùrù lórí tábìlì lásán. Ó ń fojú sọ́nà.

Neda jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikọ́ sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Stamena, ìyá àgbà, dúró síbẹ̀.

"Ikọ́ wo nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá àgbà."

"Mo ti mọ̀! Orí tútù lo gbé jáde lánàá. Atẹ́gùn ló fẹ́ ọ!"

Ní ìlú yẹn, atẹ́gùn tó bá gba àárín fèrèsé méjì kọjá ni baba gbogbo àrùn. Ìyá àgbà kò gbà pé kòkòrò kankan wà tí ojú kò rí. Ó fa Neda wọ yàrá, ó fi ọtí rakíyà pa á láyà, ó rẹ ìbọ̀sẹ̀ onírun sínú ìyókù, ó sì wọ̀ ọ́ fún un.

"Má sọ fún ìyá ẹ. Yóò kàn lé ọ lọ sọ́dọ̀ Slavka ni. Ta ni yóò wá gbé àlìkámà? Ṣé èmi tí orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó?"

"Tí mo bá kó o ràn Màmá ńkọ́?"

"Atẹ́gùn kì í ranni, jàre!"

Neda mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá kiri ni ìyá àgbà gbé lé e lọ́wọ́ yẹn, ó sì gbà á.

Kí àlejò tó dé, ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Wò mí dáadáa. Ojú ẹ pọ́n. Ṣé ara ẹ dá?"

"Àlùbọ́sà ni, Màmá. Èmi ni mo gé ti ẹja."

Irọ́ náà yọ̀ jáde wẹ́rẹ́. Radojka fà á mọ́ra, ó fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́jọ́ ẹni mímọ́.

Àlejò kún ilé fọ́fọ́. Ooru wọn mú omi máa ṣàn lára dígí fèrèsé. Nígbà tí Vukota dé, ó ṣí ọ̀kan díẹ̀, ilé sì gba ariwo: "Atẹ́gùn! Ẹ tì í!" Ohùn Dragutin ló ròkè jù, bàbá ìsàmì Neda, ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ju ẹbí lọ nínú ilé náà. "Ọmọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

Neda rẹ́rìn-ín, ó ń gbé àlìkámà káàkiri. Vukota sọ fún un pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó dára. Kò mọ̀ pé ibà ni. Síbẹ̀ ọkàn Neda kò balẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá fi ọwọ́ kan imú, àyà rẹ̀ á já.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà tí Radojka bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ife kọfí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un. Ara rẹ̀ gbóná janjan. Ọkọ̀ aláìsàn ló gbé e lọ. Àwọn dókítà ní òtútù ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gba Neda láàyè láti wọlé kí i, ó bo imú, ó dúró ní ìdí ibùsùn. "Màmá, èmi ni mo kó o ràn yín. Ọ̀fun ti ń dùn mí kí àlejò tó dé."

Radojka tẹjú mọ́ ọn. "Mo bi ọ́ àbí n kò bi ọ́?"

"Ẹ bi mí."

"Ká ní o sọ ni, ǹ bá lo ìbòmú. Ǹ bá jókòó sí yàrá mi. Bóyá ǹ bá tiẹ̀ ní kí o dúró, ká jọ fọgbọ́n ṣe é. Àìsàn yìí ti gba ẹsẹ̀ mi, Neda. Ìwọ náà wá gba ìpinnu lọ́wọ́ mi."

Ó yíjú sí ògiri. Ì bá sàn fún Neda kí ìyá rẹ̀ gbá a létí.

Kí Radojka tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ orin fi òdòdó ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ti gba olùkọ́ mìíràn. Radojka padà délé lórí ọ̀pá méjì, ìka rẹ̀ kò sì lu tábìlì mọ́. Ó ń bá Neda sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi àti oògùn nìkan ni. Neda kò lè kàwé, kò lè jókòó síbì kan. Ó ń ti orí àga dé ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, Dragutin wá kí aláìsàn. Ó fi aṣọ wé ọrùn títí dé àgbọ̀n, ó gbé ìgò oyin dání, ó sì sín lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ tètè wọlé kí atẹ́gùn má fẹ́ yín!" Ìyá àgbà ti ń ṣí ilẹ̀kùn gbàgà.

Neda dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ò lè wọlé lónìí. Ọ̀fìnkìn ń ṣe yín."

"Ọ̀fìnkìn kẹ̀? Atẹ́gùn inú bọ́ọ̀sì ni!"

"Neda, ṣé orí ẹ ti dàrú ni?" ìyá àgbà kígbe. "Bàbá ìsàmì ẹ!"

"Èmi tí mo gbé ọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì," Dragutin ní, ojú rẹ̀ le, "èmi lò ń tì mọ́ ìta? Nítorí ẹ̀yìn tó ń dun ìyá ẹ?"

Ẹ̀yìn ríro ni ìyá àgbà ti ń pè é fún gbogbo àdúgbò láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtìjú.

"Kì í ṣe ẹ̀yìn, Bàbá. Skleroza ni. Oògùn tí wọ́n ń lò kò jẹ́ kí ara wọn lè bá ọ̀fìnkìn jà. Èyí tí èmi fi pamọ́ lọ́jọ́ Nikola ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn, òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí imú yín bá gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá."

Dragutin gbé oyin sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó yí padà, kò sì dágbére. Ìyá àgbà wọ ilé ìdáná lọ, ó ń sunkún. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, wọn kò dá bàbá ìsàmì padà rí.

"Ta ni yẹn?" Radojka bèèrè láti yàrá.

"Bàbá ìsàmì mi ni. Wọ́n ń sín. Mo ní kí wọ́n padà."

Radojka ní, "Wá jókòó tì mí."

Neda jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, omijé sì bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Dragutin ń jẹ Neda lọ́kàn. Ṣé àjọṣe ti bàjẹ́ nìyẹn? Ó ń wo ojú títì ṣáá, kò rí i.

Àfi ọjọ́ kan tí ohùn Dragutin sọ ní ẹnu géètì. "Radojka! Imú mi ti gbẹ o! Mo sì ti fọwọ́! Ṣé kí n wọlé?"

Gbogbo fèrèsé àdúgbò ló ṣí. Ìyá àgbà fi aṣọ bojú. Radojka rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Neda sì sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ń wọ ilé náà láìkọ́kọ́ sọ bí ara rẹ̀ ti rí.

Iṣẹ́ dùùrù kò padà ní tirẹ̀. Ó di ọdún ẹ̀kọ́ mìíràn kí Radojka tó tún lè bèèrè, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á. Iye tí irọ́ àlùbọ́sà ná wọn nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ara yín kò bá dá, ẹ sọ ọ́, pàápàá fún ẹni tí àìsàn yín lè pa lára. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́.