Kọ́kọ́rọ́ Kejì Abójòjà

Ọ̀rọ̀ líle ni wọ́n fi kí ara wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú kòtò tí àgbàrá gbogbo àdúgbò ń dà sí ni, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún. Ó bá ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí tó ń fọwọ́ kan àgádágodo tí òun fi ti suwíìṣì ẹ̀rọ.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ìyẹn?"

"Èmi ni oníṣẹ́ iná tuntun. Mo kàn ń wò ó ni."

"Ojú là ń fi wòran. Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

"Ẹ má bínú, màmá."

Màmá! Ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n kúkú jẹ́. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Abójòjà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà níbi iṣẹ́, torí òun ló ń tún àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi òjò kúrò nílùú ṣe kí òjò tó dé. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ọ̀nà tí àwọn onílé ìlú yẹn fi ń kọ̀ fún àgbàrá ni ẹ̀rọ Abójòjà. Ọkùnrin náà ní tiẹ̀, Wáyà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n obìnrin lé tí orí rẹ̀ á wú.

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ wọ kòtò á kọ́kọ́ pa iná, á fi àgádágodo tirẹ̀ ti suwíìṣì, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ ṣí i, ìbáà jẹ́ ọ̀gá. Abẹ̀bẹ̀ irin tó wà nínú ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀ ọwọ́ èèyàn sí àkísà.

Nígbà tí ìfẹ́ wọn gbóná, Wáyà tọrọ kọ́kọ́rọ́ kejì àgádágodo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n máa rántí pé ẹ̀mí ẹ wà lọ́wọ́ mi ni, adúmáadán mi."

Abójòjà mọ̀ pé kò tọ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí inú rẹ̀ ò ní yọ́? Ó fún un.

Ìyá Wáyà ti ń pè é ní ìyàwó mi. Ìyá Abójòjà tó ń ránṣọ níwájú ilé ló kọ́kọ́ fajú ro, ó ní ẹnu ọkùnrin náà ti dùn jù. Nígbà tó yá, òun náà rọ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Òjò kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo àwọn ẹ̀rọ. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn ti sọ fún Wáyà pé bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geerege, òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí àwọn oníṣẹ́ iná. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Abójòjà wà nínú kòtò lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, ó ń yọ àwọn àpò ọ̀rá tó wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin. Ó jáde wá mumi, Wáyà rí i, ó ṣẹ́jú sí i. Ó mumi tán, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bí Wáyà fúnra rẹ̀ ṣe wá ṣàlàyé fún un lẹ́yìn náà, kò rí i nígbà tó padà wọlé sínú kòtò. Ọkọ̀ ọ̀gá àgbà dé, wọ́n ní kó tan ẹ̀rọ, ó bá àgádágodo lẹ́nu suwíìṣì. Ó rò pé olólùfẹ́ òun gbàgbé láti ṣí i ni. Ẹlòmíràn ì bá lọ wá a, nígbà tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Wáyà ní tiẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí i, ó sọ àgádágodo sápò, ó tan ẹ̀rọ.

Abójòjà gbọ́ tí irin kùn. Ó fa ọwọ́ yọ, abẹ̀bẹ̀ náà sì gba ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ. Ó kígbe. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, gbogbo ìka rẹ̀ pé.

"Àgádágodo ẹ dà?" Ọ̀gá ibi iṣẹ́ jágbe mọ́ ọn.

"Mo fi ti suwíìṣì, ọ̀gá."

Ọ̀gá yíjú sí Wáyà. "Ṣé o bá a níbẹ̀?"

Abójòjà wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀mí òun wà lọ́wọ́ òun, ṣé yóò parọ́ mọ́ òun?

Ilẹ̀ ni Wáyà ń wò. "Rárá, ọ̀gá. Mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ọ̀rọ̀ náà dun Abójòjà ju bí irin náà ì bá ṣe dùn ún lọ. Bí òun bá sọ pé Wáyà ní kọ́kọ́rọ́ kejì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì nìyẹn. Ó ń dúró kí Wáyà gbé orí sókè. Kò gbé e sókè.

"Obìnrin tó ń ro ìgbéyàwó," ni ọ̀gá wí, "ọkàn ẹ̀ ò lè sí níbi iṣẹ́. Má dé ìdí ẹ̀rọ mọ́. Máa lọ sílé."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wáyà náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni Abójòjà gbé délé.

Ìyá Wáyà wá bẹ̀ ẹ́. "Ìyàwó mi, ẹ̀rù ló bà á. Bó bá dolórí, ṣebí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó ná, á sọ òótọ́ tó bá yá. Fi aṣọ bò ó."

Ìyá Abójòjà dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ẹ ṣé, ẹ̀yin ìyá ọkọ. Ọ̀rọ̀ ìyá lẹ sọ, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ni èmi náà. Bí ọmọ mi ò bá tètè fa ọwọ́ yọ, ìka mélòó ni ẹ̀ bá kó wá fún mi, aṣọ wo sì ni ǹ bá fi bò ó?"

Ìyá Wáyà dìde, ó sì lọ.

Nígbà tí òjò dé, ó dé tìbínú tìbínú. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ṣú. Abójòjà dúró lábẹ́ òrùlé ìyá rẹ̀, ó ń wo omi tí gọ́tà ń gbé mì. Wáyà sáré dé, gbogbo ara rẹ̀ rin, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìfẹ́ mi, wò ó! Omi ò dúró rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀!"

"Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ níwájú wọn?"

"Màá sọ ọ́. Jẹ́ kí òjò yìí rọlẹ̀ ná."

"Mo ti bá ẹ sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí ni mo lọ. Mo sọ pé èmi ni mo fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́, mo sì sọ ohun tí o fi ṣe. Ọ̀gá ní bí òjò bá lọ, òun máa dá ẹjọ́ àwa méjèèjì."

Wáyà fi ọwọ́ lérí. "O fẹ́ ba tèmi jẹ́? O ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn ẹ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Abójòjà wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá ti ránṣẹ́ sí i pé ọ̀rá ti dí ẹnu ẹ̀rọ kejì, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè wọ kòtò lọ yọ ọ́.

"Nínú òjò yìí?" Omi lé sí Wáyà lójú. "Ta ló máa dúró ti suwíìṣì?"

Abójòjà fi aṣọ òjò borí.

"Kì í ṣe ìwọ," ló wí, ó sì rìn wọnú òjò lọ.