Ọbẹ̀ Ẹyin Tí Ẹnìkan Ti Gbé Lọ

Kì í ṣe àlá. Kì í sì í ṣe ohun tí ẹnìkan gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kì í sì í ṣe ẹni tó ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ìyá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Fún oṣù méjì gbáko, oúnjẹ kò wọ ìyá náà lẹ́nu. Wọ́n se èyí, ó yọwọ́. Wọ́n se tọ̀hún, ó yíjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ọkùnrin, tó ń gbé ìlú mìíràn, a máa pè lórí fóònù, á ní, "Rí i pé Màámi jẹun o." Á sì pa fóònù. Tíṣà á pòṣé títí ẹnu á fi ro ó.

Lọ́jọ́ kan ni ìyá ṣàdédé ní, "Ọbẹ̀ ẹyin àwọn ará Ṣáínà yẹn, mo lè tọ́ ọ wò." Láti ọjọ́ náà, nǹkan mìíràn kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Tí Tíṣà bá ti jáde nílé ìwé lọ́sàn-án, ó di ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà nìyẹn, tòun ti báàgì tó kún fún ìwé àwọn ọmọ tí kò tíì máàkì.

Ilé oúnjẹ náà kò ní fáàrí kankan. Tábìlì mẹ́fà péré. Rọ́bà tí wọ́n tẹ́ lé wọn a máa lẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́. Fáànù kan ń mi orí bí ẹni tó ń kọ̀. Màdáàmù tó ni ibẹ̀ á jókòó sídìí káńtà, kì í rẹ́rìn-ín, kì í bínú. Ọkọ rẹ̀ wà ní kíṣìnnì lẹ́yìn aṣọ kan tí wọ́n ta, ẹ ò ní rí i. Ìró irin lára agbada nìkan lẹ máa gbọ́. Ẹ ó sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, wọ́n á fún yín ní bébà tó ní nọ́ńbà, ẹ ó jókòó, ẹ ó dúró.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ló kan Tíṣà. Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, bó ṣe máa ń ṣe, ó jókòó.

"Mọ́kàndínlógójì!" Awakọ̀ kan dìde.

"Ogójì!" Tọkọtaya kan dìde.

"Méjìlélógójì!"

Tíṣà gbójú sókè. Ó ní bóyá etí òun ni. Wọ́n pe mẹ́tàlélógójì. Wọ́n pe mẹ́rìnlélógójì. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kí ló tún dé lónìí? Ṣé kíkà náà ti wá di iṣẹ́ ńlá ni? Ó dìde, ó kọjá síwájú káńtà.

"Màdáàmù, ẹ fò mí."

"Nọ́ńbà mélòó?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Ó ti lọ."

"Ó lọ síbo? Ta lẹ gbé e fún?"

Obìnrin náà wò ó. "Ẹ̀yin náà ni."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ti jókòó sọ́hùn-ún láti bí wákàtí kan?"

"Ẹ gbà á. Ẹ dúpẹ́. Ẹ lọ."

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré. Ìyá mi ò tíì jẹun!"

Màdáàmù kò bá a jiyàn. Ó na ọwọ́ sí ìṣó tí wọ́n ń fi bébà àwọn tó ti gba oúnjẹ kọ́, ó yọ ọ̀kan, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Mọ́kànlélógójì. Wọ́n ti ká a sí mẹ́rin. Tíṣà tú tiẹ̀ náà. Mọ́kànlélógójì. Igun tó ti ya díẹ̀ lára tiẹ̀, ó ya lára èkejì.

Ìró irin ní kíṣìnnì dákẹ́. Fáànù nìkan ló ń dún.

Tíṣà fa fóònù yọ, ó pe ilé. "Màámi, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Àwọn èèyàn yìí fẹ́ yí mi lórí. Ọbẹ̀ yín kò tíì..."

"Ọbẹ̀ wo?" Ohùn ìyá já gaara, bíi ti àtijọ́. "Mo ti ń mu ún. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ìwọ rèé tó jókòó tì mí."

Ẹlòmíì sọ̀rọ̀ nínú fóònù náà, jẹ́jẹ́, nítòsí. "Màámi, ta nìyẹn?"

Ohùn Tíṣà ni.

Bó ṣe sáré délé kò yé e. Kò sí ẹnìkankan ní yàrá àfi ìyá. Abọ́ ti ṣófo. Wọ́n ti di irun ìyá. Wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Màámi, ta ló wà níbí?"

"O tún ti bẹ̀rẹ̀." Ìyá mí kanlẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni? Àmọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ò kánjú. Ò ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ kí o tó fún mi. O ò wo aago rárá."

Tíṣà gbé abọ́ tó ṣófo náà lọ fọ̀.

Kò sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ó tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, ó tètè dé ilé oúnjẹ. Kíá ni wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀. Ó gbé ọbẹ̀, ó forí lé ilé. Nígbà tó délé, ó pa fóònù, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ìyá sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Ìyá mu ọbẹ̀ náà tán.

Lẹ́yìn náà, ìyá fara ti ìrọ̀rí. Ó di ọwọ́ Tíṣà mú, ó rẹ́rìn-ín sí i bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ẹ ṣeun o," ló wí. "Ẹ kú wàhálà."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Tíṣà, ìyá rẹ̀ kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Màámi, èmi ni."

"Mo mọ̀. Èèyàn dáadáa ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ tètè máa lọ. Ara máa ń kan ọmọ mi tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò fẹ́ kó bá yín níbí."

Ilẹ̀kùn ìta ṣí.

"Màámi, mo dé," ohùn kan wí láti pálọ̀. Ó ti rẹ ohùn náà. Inú ń bí i díẹ̀. "Àwọn ará Ṣáínà yẹn ló tún dá mi dúró."

Tíṣà kò yíjú. Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìró bàtà ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni Tíṣà máa ń dákẹ́ sí nígbàkúùgbà tó bá ń sọ ìtàn yìí.